Ìró Sípánà Lábẹ́ Pílántà

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gbà mí gbọ́. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó wọ mọ́tò tó ń lọ Auchi, kó sọ̀ ní Aduwawa, kó béèrè ṣọ́ọ̀bù Ìyá Fẹ́yìsayọ̀ tó ń ta họ́ọ̀sì katakata. Wọ́n á júwe fún un. Kó gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù wọ ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀ di bí mo ṣe ń wí yìí. Kó wò ó tẹ́rùn. Kó má ṣáà fi irin kankan lù ú.

Títíloyè lorúkọ Ìyá Fẹ́yìsayọ̀. Ìkàrẹ́ ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n wọ́n ti pẹ́ ní Benin débi pé àwọn Bìní àdúgbò ń kí i ní "Kóyo" bíi pé àwọn ló bí i. Kì í rẹ́rìn-ín sí oníbàárà. Bí o bá wá ra họ́ọ̀sì, ọwọ́ rẹ ló máa kọ́kọ́ wò, á ti mọ̀ bóyá ìwọ lo fẹ́ fi ṣiṣẹ́ tàbí wọ́n rán ọ ni. Bí o bá ní ọjà rẹ̀ ti wọ́n jù, á ní, "Lọ ra ti ẹlòmíì. Tó bá bẹ́ sí ọ lójú, má gba ibí kọjá." Bó ṣe ń tajà nìyẹn. Bó ṣe tọ́ Fẹ́yìsayọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ nìyẹn.

Àkànní ọkọ rẹ̀, mẹkáníìkì katakata ni. Kò sí oko ńlá kan lójú ọ̀nà Auchi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Ó ti kú. Pílántà ló pa á.

Pílántà ni ẹ̀rọ tí katakata máa ń fà lẹ́yìn tí wọ́n fi ń gbin àgbàdo. Irin ni látòkèdélẹ̀. Àpótí ńlá tí wọ́n ń da irúgbìn sí wà lórí rẹ̀, abẹ tó ń la ilẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Ọ́ìlì ló ń gbé e. Ọ́ìlì náà á ti inú katakata wá, á gba họ́ọ̀sì, á wọ inú sìlíńdà, á ti ọ̀pá irin jáde, pílántà á sì gbéra nílẹ̀. Bí o bá fẹ́ kó wálẹ̀, o ó da lífà, ọwọ́ irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó katakata, padà, ọ́ìlì á sá padà, ẹ̀rọ á wálẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pààrọ̀ họ́ọ̀sì, afẹ́fẹ́ á wọ inú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ nínú ọ́ìlì, wàhálà ni. Pílántà á máa gbọ̀n, á gbéra díẹ̀, á dúró, á já wálẹ̀ lójijì. Wọ́n gbọ́dọ̀ yọ afẹ́fẹ́ yẹn. Ẹni méjì ló ń ṣe é. Ẹnì kan á jókòó sórí katakata, á di lífà mú. Ẹnì kejì á wọ abẹ́ pílántà, á tú nọ́ọ̀tì ẹnu họ́ọ̀sì díẹ̀. Afẹ́fẹ́ á máa sú jáde pẹ̀lú ìfófòó títí ọ́ìlì yóò fi máa ṣàn geere láìdún. Á wá dè é padà.

Ẹni tó wà lókè kò lè rí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Àpótí irúgbìn dí i lójú. Ariwo ẹ́ńjìnnì kò sì jẹ́ kí èèyàn gbọ́ igbe. Ohun tí Àkànní kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ni pé kí ẹni ìsàlẹ̀ fi sípánà lu irin. Ìró irin kì í bá ti ẹ́ńjìnnì rìn, etí á gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kan, gbé e. Ẹ̀ẹ̀mejì, sọ̀ ọ́. Ẹni ìsàlẹ̀ kò sì gbọdọ̀ lu ẹ̀ẹ̀mejì láìjẹ́ pé ó ti jáde. Á jáde, á dúró sí ẹ̀gbẹ́ táyà, á na ọwọ́ wọlé, á lù ú. Ẹni tó wà lókè kì í bojú wẹ̀yìn. Etí ló fi ń ṣiṣẹ́.

Ìlù ọwọ́ Àkànní yàtọ̀. Àkọ́kọ́ á wúwo. Ìkejì kì í tètè dé, tó bá sì dé, á fúyẹ́, bíi ti ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan. Kàn... kín. Títíloyè lè wà ní ilé ìdáná kó máa tẹ ẹ̀bà, tó bá ti gbọ́ ọ, ó mọ̀ pé ọkọ òun ń parí iṣẹ́, kí òun bu ọbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Àkànní kú, Ọláyọdé ló wà lórí ìjókòó. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni. Ọ̀dọ̀ Àkànní ló ti kọ́ṣẹ́, ó ti gba fúrídọ̀ọ̀mù, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ó ní òun gbọ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Ó da lífà padà. Àkànní ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n bi í nílé. Wọ́n bi í ní àgọ́ ọlọ́pàá. Pásítọ̀ bi í. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. "Mo gbọ́ ẹ̀ẹ̀mejì." Ó sunkún títí gbogbo èèyàn fi ń ṣàánú rẹ̀, tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹun.

Títíloyè kò bá wọn bẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè kan ló bi ara rẹ̀, kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ta ni yóò wà lábẹ́ ẹ̀rọ tí yóò pe ẹ̀rọ wálẹ̀ lé ara rẹ̀?

Ó sì mọ ohun kan tí àwọn yòókù kò mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, Ọláyọdé ti lọ bá Àkànní nítorí Fẹ́yìsayọ̀. Àkànní ní rárá. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀. "Mi ò fọmọ fún mẹkáníìkì. Ṣé ohun tójú ìwọ rí kò tó ni?" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ rárá lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi gbé òkú rẹ̀ wọlé.

Ó gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì. Ó fi tapólì bo pílántà náà. Ó ń ta họ́ọ̀sì rẹ̀ lọ. Òjò rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn dé, òjò tún dé.

*

Fẹ́yìsayọ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Ugbowo. Ó ti iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, kò tíì bọ́ bàtà.

"Mummy, Ọláyọdé people dey come on Saturday."

"Wá ṣe kí ni?"

"You know wetin dem dey come do."

Títíloyè ń ká họ́ọ̀sì lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. "Fi èdè tí mo fi bí ọ sọ ọ́."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ mi. Ó ti dáa báyìí?"

"Kò dáa."

"Mummy, e don do. Na accident."

"Ìwọ wà níbẹ̀?"

"You sef no dey there."

Ìyẹn wọ̀ ọ́ lára. Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ náà, iwájú ṣọ́ọ̀bù ló wà, òun àti awakọ̀ tírélà kan ń fa ọ̀rọ̀, tírélà náà ń kùn gìrìgìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, kò gbọ́.

"Tí mo bá ní mi ò gbà ńkọ́?" ló bi í.

Fẹ́yìsayọ̀ bọ́ bàtà rẹ̀. Ó kó o sábẹ́ àga. Yorùbá tó dán ló fi dá a lóhùn, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. "Mi ò ní fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kí ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún mi o, Mummy. Ìdí tó ṣeé dì mú."

Títíloyè kò ní ìdí tó ṣeé dì mú. Ìfura ló ní. Ó sì mọ̀ pé tó bá fi ìfura ba ayé ọmọ rẹ̀ jẹ́, ọmọ náà kò ní gbàgbé. Tó bá sì fi ọmọ fún ẹni tó pa bàbá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò ní gbàgbé. Ó fẹ́ mọ̀ ṣáájú Sátidé.

Ó ránṣẹ́ sí Ọláyọdé. Ó ní àgbẹ̀ kan fẹ́ yá pílántà kí òjò tó jìnnà, kó wá tún un tò. Kò sí àgbẹ̀ kankan.

*

Ní ọ̀sán Tọ́sìdeè, Ọláyọdé dé. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló dúró sí.

"Ẹ káàsán, Mọ́mì."

"Èmi kọ́ ni mọ́mì rẹ."

"Ẹ káàsán, mà." Ó wo tapólì. "Ta ló máa di lífà mú?"

"Èmi."

"Ẹ̀yin?"

"Ọwọ́ ni mi ò ní ni? Kí o tó mọ ohun tó ń jẹ́ katakata ni mo ti ń wà á jáde fún Àkànní."

Ọláyọdé wọlé. Ó ká tapólì. Aláǹgbá sá jáde lábẹ́ rẹ̀, kò sí ohun mìíràn. Títíloyè fi ẹ̀yìn wa katakata tí Àkànní fi sílẹ̀ wá síbẹ̀, Ọláyọdé so pílántà mọ́ ọn. Họ́ọ̀sì tuntun láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni Títíloyè gbé lé e lọ́wọ́. Ọláyọdé fi àkísà mímọ́ nu ẹnu rẹ̀, torí iyanrìn bíńtín lè ba pọ́ǹpù jẹ́. Ó tì í bọ ihò rẹ̀ títí ó fi dún tó. Ó da ọ́ìlì. Ó wọn ọ́n. Ó da díẹ̀ sí i. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, a ò lè purọ́ mọ́ ọn. Títíloyè ń wo ọwọ́ náà. Ó ń wò ó bóyá yóò gbọ̀n.

Ó gun orí ìjókòó, ó tan ẹ́ńjìnnì. Ó ti lífà. Pílántà gbéra, ó ń jáláńjálá, ó dúró sókè. Ọláyọdé ti píìnì bọ ihò tó ń dè é mọ́ òkè, ó sì ń wò yí ká.

"Ìtì igi tí a máa ń gbé sábẹ́ rẹ̀ dà?"

"Ó ti jẹrà."

Kò jẹrà. Ó ti wọ́ ọ lọ sẹ́yìn táǹkì omi láàárọ̀ yẹn.

"Píìnì nìkan ló kù tó gbé e dúró," Ọláyọdé wí. "A ò sì lè yọ afẹ́fẹ́ tí píìnì bá wà nínú rẹ̀."

"Mo mọ̀. Yọ píìnì."

Ọláyọdé wò ó. Wíwò náà pẹ́. Títíloyè wí lọ́kàn rẹ̀ pé, ó mọ̀. Ó mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, èmi tí n kò tíì mọ̀ ọ́n gan-an. Ọláyọdé fa píìnì yọ. Irin gbọọrọ bí ìka ọwọ́ ni. Ó sọ ọ́ sápò. Ó mú sípánà kan ṣoṣo, ó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn, ó sì wọ́ ara rẹ̀ wọ abẹ́ ẹ̀rọ.

Òjò ti ṣú. Ojú ọjọ́ pọ́n bí ọ́ìlì tó ti gbó. Afẹ́fẹ́ ìta dúró. Àwọn ẹyẹ orí igi máńgòrò onítáyà tó múlé tì wọ́n, tí wọ́n ti ń pariwo láti àárọ̀, gbogbo wọn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kàn.

Ẹ̀ẹ̀kan. Ó ti lífà. Ó gbọ́ afẹ́fẹ́ tó ń sú jáde lábẹ́ rẹ̀. Ó mọ ohùn yẹn. Kì í pẹ́. Á sú, á fófòó, á tán.

Kò tán.

Ó sú títí. Ó dúró. Ó tún sú. Ó dúró. Bí ẹni tó gun òkè, tó jókòó, tó ń wá èémí. Òórùn kan sì gba ẹ̀gbẹ́ táyà gòkè wá. Kì í ṣe ti ọ́ìlì. Róòbù ni, èyí tí Àkànní máa ń fi pa àyà tí òtútù bá mú un.

Títíloyè kò bojú wẹ̀yìn. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí lífà.

Kàn... kín.

Ìkejì pẹ́ kó tó dé. Ó fúyẹ́. Ó wọ́ ẹsẹ̀.

Ó wí lọ́kàn rẹ̀ pé, ọ̀nà rèé. Tí mo bá da lífà yìí padà, wọ́n á bi mí nílé, wọ́n á bi mí ní àgọ́ ọlọ́pàá. Mo gbọ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni máa wí. Òótọ́ sì ni yóò jẹ́. Ta ló máa mú mi?

Lífà ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ fà á. Pílántà gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀.

Ó pa ẹ́ńjìnnì.

Gbogbo nǹkan dákẹ́. Ó gbọ́ ẹ̀kán ọ́ìlì tó ń kán sórí yẹ̀pẹ̀. Tó. Tó. Lẹ́yìn náà, láìsí ẹ́ńjìnnì, láìsí ariwo kankan tí èèyàn lè fi ṣe àwáwí, ó tún dún.

Kàn... kín.

"Ọláyọdé!"

Ó tún ké sí i.

"Ọláyọdé, ṣé adití ni ọ́ ni?"

"Mọ́mì." Ohùn náà kéré bí ti ọmọdé.

"Ìwọ lo lù ú?"

"Èmi kọ́."

"Ta ni?"



"Jáde wá," ni Títíloyè wí.

"Ẹ má sọ̀ ọ́."

"Mi ò sọ̀ ọ́. Mo ní kí o jáde."

"Ẹ kọ́kọ́ gbé ọwọ́ kúrò lórí lífà, mà. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ó gbé e kúrò.

Ọláyọdé wọ́ ara rẹ̀ jáde. Ọ́ìlì bò ó dé ìgbúnwọ́. Títíloyè sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀rọ. Sípánà há sára nọ́ọ̀tì lókè, bí wọ́n ṣe fi í sí nígbà tí wọ́n ń tú u. Kì í ṣe sípánà ni wọ́n fi lù ú nìyẹn. Ó rò ó. Lẹ́yìn náà ló rántí.

"Mú píìnì wá."

Ọláyọdé kọ àpò rẹ̀ sí i kó mú un fúnra rẹ̀. Títíloyè fà á yọ, ó yí i po. Ó gbẹ. Ó mọ́. Ọ́ìlì kankan kò kàn án, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọkùnrin yìí ń kán tótó. Ó lè jẹ́ pé kò fọwọ́ kàn án. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti nù ún mọ́ ṣòkòtò. Ó wo ṣòkòtò. Ọ́ìlì wà níbi gbogbo lára ṣòkòtò.

"Ìwọ lo lù ú," ló wí. "O mọ bí Àkànní ṣe ń lù ú. O fẹ́ kí n gbọ́ ọ, kí n lè gbà ọ́ gbọ́."

Ọláyọdé wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè.

"Mọ́mì, ṣé orí mi dàrú ni? Ta ni yóò wà lábẹ́ ẹ̀rọ tí yóò pè é wálẹ̀ lé ara rẹ̀?"

Ìbéèrè tirẹ̀ ni. Kò sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni rí. Ó wá ibi jókòó, orí kẹ̀gì ọ́ìlì ló jókòó lé.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ọláyọdé gba píìnì lọ́wọ́ rẹ̀, ó de nọ́ọ̀tì, ó ti píìnì padà sí ihò rẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ títí. Kó tó lọ, ó dúró.

"Ẹ gbọ́ ọ," ló wí. "Ẹ ò sì sọ̀ ọ́. Èmi, mo sọ̀ ọ́. Ìyẹn nìkan ni ìyàtọ̀."

"Mo ti ń sọ̀ ọ́," ni Títíloyè wí.

"Mo mọ̀ mà. Mo rí i tó gbọ̀n."

Ó sì lọ.

*

Ní Fúráìdeè, Títíloyè kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kò gbà á gbọ́ tán. Ẹni tó ti bá àwọn tó ń da omi mọ́ ọ́ìlì dúnàádúrà rí kì í tètè gba nǹkan gbọ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn lè fi irin kékeré lu pílántà láti ìsàlẹ̀ kó dún bẹ́ẹ̀. Tó bá ṣeé ṣe, Ọláyọdé ló ṣe é, kò sì ní fún un lọ́mọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó so kọ́kọ́rọ́ katakata mọ́ etí ìró rẹ̀. Ó wo píìnì, ó wà nínú ihò rẹ̀, ó há gírígírí, torí gbogbo ìwúwo ẹ̀rọ ló jókòó lé e. Ó lọ wọ́ ìtì igi dé láti ẹ̀yìn táǹkì, ó tì í sábẹ́. Ó mú bóòtù kan tó gbọọrọ bí píìnì àti sípánà Àkànní, ó sì wọ abẹ́ rẹ̀. Òjò wẹliwẹli ń rọ̀.

Ó fi bóòtù lù ú. Kàn-kàn. Kò jọ ọ́. Ó fi sípánà lù ú. Kò jọ ọ́. Ó lu àkọ́kọ́ kó wúwo, ó dúró, ó lu ìkejì kó fúyẹ́. Kò jọ ọ́ rárá. Bí ẹni tó ń sín ohùn olóhùn jẹ ni. Ó gbìyànjú ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó gbìyànjú ẹ̀gbẹ́ òsì, ó lu ara abẹ, ó lu ìdí sìlíńdà. Apá ro ó. Inú bí i. Ó fi sípánà lu irin tó wà lókè orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni tó fẹ́ jù ú nù.

Kàn.

Sípíríǹgì ìjókòó katakata ké. Kíìn-ín. Bí ó ṣe máa ń ké tí ẹni tó wúwo bá jókòó lé e.



Títíloyè gbọ́ lífà tó lọ síwájú. Tá.

Pílántà sì gbéra. Ó rọra gbéra, kò gbọ̀n, kò jáláńjálá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀, píìnì tó ti há gírígírí ń mì kọrọkọrọ nínú ihò rẹ̀, kò sí ìwúwo kankan lórí rẹ̀ mọ́. Kò sí ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ wà ní etí ìró rẹ̀, ó ń gún un níkùn.

Ìgbà náà ló yé e. Ẹ̀ẹ̀kan ló lù. Gbé e ni ó wí. Ẹnì kan sì ti gbé e fún un.

Ó fi àyà fà jáde. Abẹ fa ìró rẹ̀ ya, kò bojú wò ó. Ìgbà tó dé ẹ̀gbẹ́ táǹkì omi ló tó yíjú padà.

Kò sí ẹnì kankan lórí ìjókòó. Òjò ti rin katakata látòkèdélẹ̀. Ó rin bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ó rin táyà, ó rin ọwọ́ ìdarí. Ìjókòó nìkan ló gbẹ.

Ó dúró nínú òjò títí ìjókòó náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù díẹ̀díẹ̀. Ìgbà náà ni pílántà rọra padà wá jókòó lé píìnì.

Kò sọ fún ẹnì kankan. Kí ni yóò sọ? Tó bá jẹ́ Àkànní ni, ìdí wo ló fi pe ẹ̀rọ lé ara rẹ̀ lórí, ìdí wo ló sì tún fi fẹ́ kí òun pè é lé Ọláyọdé lórí? Tí kì í bá ṣe Àkànní, ta ló kọ́ ọ ní ìlù ọwọ́ Àkànní? Ó yí i sókè, ó yí i sódò, bó ṣe máa ń yí ọjà tó fura sí. Kò rí ojú rẹ̀.

*

Àwọn ará Ọ̀wọ̀ dé ní ọ̀sán Sátidé. Wọn ò pọ̀. Bùọ̀dá Adékọ́lá, àbúrò bàbá Ọláyọdé, ló ń sọ̀rọ̀ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n Àkànní ti Ìkàrẹ́ wá, ó jókòó sápá ti Títíloyè. Fẹ́yìsayọ̀ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ilé gbóná. Iná kò sí, jẹnẹrétọ̀ onítáyà ni wọ́n fa wáyà láti ara rẹ̀, fáànù ń yí wọ́ọ́wọ́ọ́.

"Ẹ̀yin ará ilé," Adékọ́lá wí, "ọmọ wa ló ní òun rí ohun kan ní ṣọ́ọ̀bù yín tí kì í ṣe họ́ọ̀sì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"A ní ṣé nọ́ọ̀tì ni? Ó ní rárá. A ní ṣé ọ́ìlì ni? Ó ní kí á ṣáà dìde kí á máa bọ̀. Nǹkan náà rèé tó kúnlẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa fún wa?"

Ẹ̀gbọ́n Àkànní nu ojú rẹ̀. "Àbúrò mi kò sí mọ́," ló wí. "Ẹnu ìyá rẹ̀ ni gbogbo wa ń wò. Ohun tó bá wí, abẹ gé e."

Gbogbo ojú bá yí sí Títíloyè. Ọláyọdé nìkan ló ń wo ilẹ̀.

Títíloyè ya ẹnu. Ní tòótọ́, kò mọ ohun tó fẹ́ jáde níbẹ̀.

Epo jẹnẹrétọ̀ tán. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Fáànù yí lọ díẹ̀, ó dúró. Ilé dákẹ́ débi tí wọ́n fi ń gbọ́ eṣinṣin.

Kàn.

Ẹ̀yìnkùlé ni. Ó wúwo. Ó jìn.

Adékọ́lá ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Àkànní ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀. Fẹ́yìsayọ̀ kò mira. Ọláyọdé nìkan ló gbé orí sókè, ojú òun àti Títíloyè sì ṣe mẹ́rin.

"Ìyá wa, ẹ dá wa lóhùn o," Adékọ́lá wí. "Ẹnu ti ń gbẹ wá."

"Mummy, talk now," ni Fẹ́yìsayọ̀ wí wúyẹ́wúyẹ́. Ó fa ìró rẹ̀.

Títíloyè gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dákẹ́."

Wọ́n dákẹ́. Ẹ̀rín tán lójú Adékọ́lá.

Ó na etí rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀ẹ̀kan, gbé e. Ẹ̀ẹ̀mejì, sọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni òun gbọ́. Tó bá mọ bẹ́ẹ̀, yóò fún wọn lọ́mọ. Ọmọ rẹ̀ di ìró rẹ̀ mú. Ọláyọdé ti di ọwọ́ àga mú.

Ẹ̀ẹ̀kan ló gbọ́. Ṣùgbọ́n kò tíì lè sọ̀rọ̀. Ìkejì ti Àkànní, kì í tètè dé.